Ìjọba Bísántíìnì nínú Crusader Kings

Ìjọba Bísántíìnì nínú Crusader Kings ni ètò tí ọ̀wọ́ géèmù náà fi ń ṣàfihàn bí olú ọba tó gúnwà sí Kọnsitantinópù ṣe ń ṣàkóso ilẹ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Paradox tó wà ní Stockholm, lórílẹ̀-èdè Súwídìn, ló ni ọ̀wọ́ náà. Èkíní jáde ní 2004, èkejì ní oṣù Kejì 2012, ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2020. Ẹni tó ń ṣeré kì í darí orílẹ̀-èdè nínú wọn. Ẹnì kan ló ń darí, pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, bí ẹni náà bá sì kú, àrólé rẹ̀ ló kàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bísántíìnì ti di ìṣòro. Ìtẹ́ Kọnsitantinópù kì í ṣe ogún bàbá lábẹ́ òfin kankan, àwọn tó sì ń bá olú ọba mójú tó ìgbèríko kì í ṣe onílẹ̀ tó jogún ipò. Ó tó ọdún 20 kí ọ̀wọ́ náà tó rí ojútùú gidi sí i.

Àwọn ará ilẹ̀ náà fúnra wọn kò mọ orúkọ tó ń jẹ́ Bísántíìnì. Ará Róòmù ni wọ́n pe ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gíríìkì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ. Lẹ́yìn tí àwọn Túrúkì Ottoman ti gba Kọnsitantinópù ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1453 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọ̀rúndún 16, sọ wọ́n ní orúkọ tuntun yìí. Orúkọ tuntun ni géèmù náà ń lò, ṣùgbọ́n olú ọba tó bá gba ilẹ̀ àtijọ́ padà lè kéde pé òun ti tún Róòmù dá sílẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀, oyè àti wúrà

Ní ọ̀rúndún 7, àwọn Lárúbáwá gba Síríà àti Íjíbítì mọ́ olú ọba lọ́wọ́. Ogun rẹ̀ fà sẹ́yìn wá sí Éṣíà Kékeré, ibi tí ẹgbẹ́ ogun kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀dó sí di ẹkùn díẹ̀díẹ̀. Thema ni wọ́n ń pe ẹkùn bẹ́ẹ̀, strategos sì ni olórí rẹ̀. Anatolikon, Armeniakon, Opsikion àti Thrakesion wà lára àwọn tó pẹ́ jù. Kibyrrhaiotai, tó wà ní etíkun gúúsù, ló ń pèsè ọkọ̀ ogun. Strategos ló ń kó ọmọ ogun ẹkùn rẹ̀ lọ sójú ìjà, nígbà tó sì yá, ọ̀rọ̀ ìlú pàápàá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó sún mọ́ ọn jù ni ajẹ́lẹ̀. Ààfin ló rán an, ààfin ló lè pè é padà, ọmọ rẹ̀ kò sì lè dìde pé bàbá òun ló ni ibẹ̀. Nígbà ayé Leo Kẹfà, tó jọba láti 886 sí 912, wúrà tó wọn pọ́n-ùn 40 ni strategos Anatolikon ń gbà. Àwọn ti ìhà ìwọ̀-oòrùn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ olú ọba. Inú ẹkùn wọn ni wọ́n ti ń rí tiwọn.

Ọ̀tọ̀ ni ti ilẹ̀ Faransé láyé ìgbà náà. Níbẹ̀, ọba á pín ilẹ̀ fún ìjòyè, ìjòyè á fi ọmọ ogun sìn ín, bí ìjòyè bá sì kú, ọmọ rẹ̀ á jókòó sórí ilẹ̀ náà. Ètò ilẹ̀-fún-ogun ni a ó máa pe èyí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ Crusader Kings lé láti ìpìlẹ̀.

Ní Kọnsitantinópù, ipò iṣẹ́ yàtọ̀ sí oyè iyì. Ọ̀rọ̀ ẹnu olú ọba ni wọ́n fi ń yan ènìyàn sípò iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni wọ́n sì fi ń yọ ọ́. Oyè iyì ní àmì tí wọ́n ń gbé léni lọ́wọ́, ó sì máa ń wà lára ẹni títí dọjọ́ ikú. Owó ń bá méjèèjì rìn. Liutprand, ikọ̀ kan tó wá láti Ítálì, fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń san án ní nǹkan bí 950, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Àpò wúrà wà lórí tábìlì níwájú olú ọba, wọ́n sì ń pe àwọn ìjòyè wọlé ní ìtò-ìtò. Èjìká ni ẹni àkọ́kọ́ fi gbé tirẹ̀. Ti olórí ogun orí ilẹ̀ àti ti olórí ogun ojú omi wúwo débi pé ńṣe ni wọ́n ń wọ́ ọ lọ nílẹ̀, tí wọ́n ń bá wọn tì í.

Oyè tún ṣe é rà. Àlùfáà arúgbó kan tó lówó, Ktenas, fẹ́ di protospatharios, ọ̀kan nínú àwọn oyè iyì náà, nígbà Leo Kẹfà. Ó gbé wúrà pọ́n-ùn 40 kalẹ̀, Leo kọ̀. Ó fi yẹtí tó tó pọ́n-ùn 10 lé e, ó tún fi tábìlì tó tó pọ́n-ùn 10 lé e, ó di 60, Leo gbà. Pọ́n-ùn kan ni owó oyè náà lọ́dún. Ọdún méjì péré ni Ktenas gbà á kó tó kú. Lójú ẹni tó bá ń ṣírò, òmùgọ̀ ni; lójú ará Kọnsitantinópù, ó rí ohun tó fẹ́ rà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó ga láàfin láìní ilẹ̀ tó ń ṣàkóso, ni ètò ilẹ̀-fún-ogun kò láyè fún rárá.

Ìtẹ́ tí kò ní àrólé

Ẹni tí ọmọ ogun, ìgbìmọ̀ àgbà àti ará ìlú bá hó yèè fún, tí Pátríákì, olórí ìjọ, sì dé ládé, òun ni olú ọba. Kí ọmọ lè tẹ̀ lé bàbá, bàbá á ti dé e ládé nígbà tí òun ṣì wà láyé, á sọ ọ́ di alájùmọ̀jọba. Ọgbọ́n náà máa ń yí padà lu ẹni tó dá a. Basil ará Makedóníà, tó ti tọ́jú ẹṣin rí, di alájùmọ̀jọba Michael Kẹta ní 866. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 867, wọ́n ti pa Michael, Basil nìkan ló ṣẹ́ kù lórí ìtẹ́. Romanos Lekapenos, olórí ogun ojú omi, fi ọmọ rẹ̀ fún ọmọdé olú ọba Konstantínì Keje ní ìyàwó, ó sì di olú ọba àgbà lé e lórí láti 920 títí di 944.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò pé kò yẹ fún ìtẹ́, èyí ló fà á tí fífọ́ ojú fi di ohun èlò òṣèlú. Irene fọ́ ojú ọmọ bíbí inú rẹ̀, Konstantínì Kẹfà, ní 797. Wọ́n fọ́ ti Romanos Kẹrin ní 1072. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń tán ọ̀rọ̀ ẹni: wọ́n gé imú Justinian Kejì ní 695, ó padà wá jọba ní 705. Àwọn ìwẹ̀fà, tí wọn kò lè dé adé láéláé, ni ọ̀pọ̀ olú ọba fọkàn tán jù. Ọ̀kan nínú wọn, Basil Lekapenos, ọmọ àlè Romanos Lekapenos, fọwọ́ mú ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Basil Kejì tó lé e kúrò ní 985.

Láti 2004 sí 2020

Nínú Crusader Kings kejì, ètò ilẹ̀-fún-ogun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọ Bísántíìnì lọ́rùn. Oyè àwọn ìjòyè ń jẹ́ ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé. Àfikún Legacy of Rome, tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2012, gbìyànjú díẹ̀. Ó mú ọmọ ogun tí ọba ń bọ́ nígbà gbogbo wá, ó sì sàmì sí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti gorí ìtẹ́. Ní ààfin Kọnsitantinópù, yàrá aláwọ̀ àlùkò kan wà tí ayaba ti ń bímọ. Ibẹ̀ ni orúkọ àmì náà, Born in the Purple, ti wá.

Ní 2014, àfikún mìíràn jẹ́ kí olú ọba lè fi ẹkùn fún ènìyàn ní ìwọ̀n ọjọ́ ayé rẹ̀ nìkan. Bí ẹni náà bá kú, ẹkùn padà sọ́wọ́ olú ọba. Èyí ló sún mọ́ strategos jù nígbà náà, àmọ́ ajẹ́lẹ̀ nìkan ló sọ di tuntun. Ẹni tó wà láàfin láìní ilẹ̀ kò tíì rí àyè.

Nígbà tí ẹ̀kẹta jáde ní 2020, wọ́n dá Bísántíìnì padà sí ètò ilẹ̀-fún-ogun, àkọ́bí ọkùnrin sì ń jogún gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ tí àwọn ìdílé ti ń bára wọn du adé wá di èyí tí ìjogún rẹ̀ rọrùn ju ti ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ ìtàn kò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín.

Roads to Power

Roads to Power, àfikún Crusader Kings kẹta tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 2024, ló tú ìpìlẹ̀ náà ká. Ajẹ́lẹ̀ ló ń ṣàkóso ẹkùn báyìí. Bó bá kú, àwọn adíje á tò, máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan á hàn, ẹni tí tirẹ̀ ga jù á gba ipò. Ohun tí wọ́n fi ń gbé máàkì yìí sókè sódò ni Influence, tí Yorùbá á ní ẹnu ẹni náà tólẹ̀ láàfin. Géèmù náà ń kà á bí ẹní ka owó. Ajẹ́lẹ̀ ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀, á sì ná an kí ọmọ rẹ̀ lè ga sí i láàárín àwọn adíje, tàbí kí ti ẹlòmíràn lè wálẹ̀. Olú ọba náà ní láti ná tirẹ̀ bó bá fẹ́ gba ẹkùn lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ìyípadà tó jinlẹ̀ jù, lójú ẹni tó kọ èyí, ni ilé ìdílé. Ìdílé ọlọ́lá kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀ tí kò so mọ́ ẹkùn kankan, wọ́n sì lè máa kọ́ ọ tóbi sí i. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá pàdánù ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún un, géèmù parí nìyẹn. Nísinsìnyí, ìdílé lè wà láìní ẹkùn fún ìran kan tàbí méjì, kí wọ́n máa wá ojúrere, kí wọ́n sì tún padà wá. Ọmọ ogun tó jẹ́ ti ẹkùn kì í bá ajẹ́lẹ̀ tó kúrò lọ; ẹni tuntun ló ń bá a níbẹ̀. Ẹkùn ààlà, ẹkùn ojú omi àti ẹkùn tí kò sí lójú ogun kò sì jọra.

Ìtẹ́ fúnra rẹ̀ wọ inú ìdíje máàkì yìí. Olú ọba lè yan alájùmọ̀jọba, ó lè fọ́ ojú ẹlẹ́wọ̀n tàbí kó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n sì ń sáré kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní pápá Hippodrome.

Ìgbà mẹ́ta ni ẹni tó ń ṣeré lè mú láti bẹ̀rẹ̀: 867, 1066 àti 1178, èyí tó bá àfikún náà wá. Ọjọ́ 1 oṣù Kíní ni 867 bẹ̀rẹ̀, Basil sì ti wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Michael ṣì ní oṣù mẹ́jọ ó lé lókè eèpẹ̀. Ní 1066, Konstantínì Kẹwàá ti ìdílé Doukas ló wà níbẹ̀. Ní 1178, Manuel Komnenos.

1178 yìí ni ètò géèmù náà kò ti bá ìtàn mu jù. Láti ìgbà tí Alexios Komnenos ti gorí ìtẹ́ ní 1081, ìbátan ló di òṣùwọ̀n ipò: àbúrò àti àna olú ọba ló ń gba àwọn oyè tuntun bíi sebastokrator. Wọ́n tún ń fi owó orí ilẹ̀ kan ta ọmọ ogun lọ́rẹ, ohun tí wọ́n ń pè ní pronoia. Ètò máàkì àti ajẹ́lẹ̀ inú géèmù jọ ti ọ̀rúndún 10 ju èyí lọ, síbẹ̀ òun kan náà ni Manuel ń bá pàdé. Àwọn akọ̀wé tó ń ka owó orí, logothetes tó ń mójú tó ọ̀nà ìránṣẹ́ àti ikọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn.

Nínú àwọn géèmù mìíràn

Age of Empires II, tó jáde ní 1999, ní Bísántíìnì, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣin onírin àti odi ìlú ló ń fi í hàn. Ìjọba kò sí nínú rẹ̀. Medieval II: Total War ti 2006 fi àwọn ọmọ ìdílé ọba ṣe olórí ìlú, ó sì fún ọ̀gágun kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n ìdúróṣinṣin. Europa Universalis IV, tí Paradox náà ṣe, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 1444, nígbà tí Kọnsitantinópù àti Morea, ní gúúsù ilẹ̀ Gíríìsì, ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹ́ kù fún olú ọba John Kẹjọ. Lọ́dún yẹn, kò sí ajẹ́lẹ̀ kankan tó ń rán lọ sí Morea. Àwọn àbúrò rẹ̀, Konstantínì àti Thomas, ló ń ṣàkóso níbẹ̀.