Pépà Láàbù Ní Kò Sí, Ara Ní Ó Wà

Nǹkan sú sí ara àgbẹ̀ kan ní ẹ̀bá Ìsánlú, kò sì yún un. Wọ́n ní làpálàpá ni, wọ́n ra ìpara, kò lọ. Ó dé àtẹ́lẹwọ́, ó dé àtẹ́lẹsẹ̀, irun orí sì ń re lójú-lójú bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. Sífílíìsì, àrùn tí à ń kó nípa ìbálòpọ̀, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè ká roboto bíi làpálàpá, ó lè jọ ẹ̀tẹ̀, ó lè wú ní abẹ́ kó máa ṣomi. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún VDRL, àyẹ̀wò sífílíìsì, ní Kàbbà, èsì jáde: nẹ́gẹ́tífù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ọ̀rọ̀ náà dé, àṣìṣe ńlá sì ni.

VDRL kì í wá kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara gbé dìde ló ń wá, ọ̀rá tí wọ́n yọ láti inú ọkàn màlúù ló sì fi ń dẹ wọ́n. Bí wọ́n bá wà nínú omi ẹ̀jẹ̀, wọ́n á so ọ̀rá náà pọ̀, á dì, á ṣeé rí.

Ẹ wo ọmọbìnrin tó ń di igi ìdáná lóko. Igi mẹ́wàá, okùn díẹ̀: orí okùn kan mú igi kan, orí kejì mú òmíràn, igi fà mọ́ra, ẹrù dì. Ṣùgbọ́n bí igba okùn bá ya bo igi mẹ́wàá náà, okùn á bo gbogbo ara igi, orí kejì ò ní ríbi so mọ́. Ilẹ̀ á ṣú, igi á ṣì wà káàkiri, ẹni tó ń wò láti òkèèrè á ní ọmọ yìí kò mú okùn wá rárá.

Okùn ni ọmọ ogun ara, igi ni ọ̀rá. Bó ṣe ń rí nìyẹn nígbà tí àrùn náà gbóná jù, tí ara ti sú tán: ọmọ ogun pọ̀ jù, ọ̀rá kò dì. Ó wọ́pọ̀ jù lára aláboyún àti ẹni tó ní HIV. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò wọ́n: omi iyọ̀ ni wọ́n á fi la omi ẹ̀jẹ̀, kí okùn lè dínkù. Àmọ́ láàbù kì í sábà là á bí kò bá sí ẹni tó ní kí wọ́n là á. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kékeré tí dókítà bá kọ sórí fọ́ọ̀mù, pé àtẹ́lẹwọ́ sú, níye lórí ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ.

Ibà àti oyún lè mú VDRL pariwo lásán níbi tí kò sí sífílíìsì, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò kejì tó ń wo ọmọ ogun tí ara gbé dìde sí kòkòrò náà gan-an fi wà. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì rú ni lójú, wọ́n lè gé awọ díẹ̀, kí wọ́n fi fàdákà pa á láró kí kòkòrò náà lè hàn.

Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní dé ibẹ̀. Wọ́n á là á ní ìlọ́po 8, 16, 32, ọ̀rá tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan á dì. Abẹ́rẹ́ pẹnisílínì ló kù.