Kí Ẹ Tó Gbé Ẹ́ńjìnnì Àlòkù Sínú Ìjàpá Àtijọ́

Ẹni tó bá ní Volkswagen Ìjàpá tó ti ń sùn lábẹ́ igi láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì wá rí ẹ́ńjìnnì yọ lára òmíràn tó ní jàǹbá, ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ́kọ́ bi mí: "Ọjọ́ mélòó ló máa gbà yín láti gbé e sí i?" Gbígbé e sí i kò tó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bóòtù mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Kò lo omi, kò ní ràdíétọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 110 kìlógíráàmù. Ẹni méjì tó mọṣẹ́, tí jáákì wọn dára, á ti yọ ọ́ sílẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ohun tó ń gba àkókò ni kí á mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ náà lè bára gbé.

Ìjàpá méjì lè jọra lójú bí ìbejì kí inú wọn má bára mu rárá. Láti 1938 ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ yìí, títí di ọjọ́ 30 oṣù keje 2003 tí èyí tó kẹ́yìn jáde ní Puebla, lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Iye tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù 21. Ìrísí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ọdún dé ọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ gbé láti ara ọ̀kan sí òmíràn, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1967, iná 6 fóòtì ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn ń lò. Fíláwíìlì wọn, ìyẹn àwo irin eléyín tí sítátà máa ń yí, ní eyín 109, àwo kílọ́ọ̀ṣì wọn sì jẹ́ 180 mílímítà. Nígbà tí wọ́n bọ́ sí 12 fóòtì, fíláwíìlì náà tóbi sí i: eyín rẹ̀ di 130, àwo kílọ́ọ̀ṣì di 200 mílímítà. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì 1600 (ìyẹn ìwọ̀n inú àwọn sìlíńdà rẹ̀ ní cc) wá bá gíábọ́ọ̀sì ọdún 1963, ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bára mu, ẹnu méjèèjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yí i ni ẹ máa gbọ́ tí eyín fíláwíìlì ń ha inú gíábọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ mi rí tí ẹnì kan ti fi bóòtù fa àwọn méjèèjì pọ̀ tipátipá títí etí gíábọ́ọ̀sì fi sán. Gíábọ́ọ̀sì òmíràn ni a padà wá kiri.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè wá fíláwíìlì eléyín 109 tó bá kíráńkì ẹ́ńjìnnì àlòkù yẹn mu, kí ẹ lo kílọ́ọ̀ṣì 180 pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì dá dáínámò, kọ́ìlì àti gbogbo ohun tó ń lo iná lára ẹ́ńjìnnì náà padà sí 6 fóòtì. Tàbí kí ẹ ha inú gíábọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀ títí fíláwíìlì ńlá á fi ráyè, kí ẹ sì sọ gbogbo ọkọ̀ di 12 fóòtì: sítátà, bátìrì, gílóòbù, mọ́tò wáípà. Ihò búṣì tí orí sítátà ń wọ̀ kò dọ́gba láàárín ti àtijọ́ àti tuntun. Búṣì tí wọ́n ṣe fún àyípadà yìí gan-an ni kí ẹ lò. Ọ̀nà kejì ni mo máa ń gba ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ rẹ̀ lálẹ́ nímọ̀ràn, torí iná iwájú 6 fóòtì kì í ríran jìnnà. Ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ wà bó ṣe jáde nílé-iṣẹ́, kó di ti àkọ́kọ́ mú.

Ẹ má tíì sinmi o. Ní nǹkan bí 1971, wọ́n tún yí bérìn tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì padà. Ti ìṣáájú ń ti òrùka kan tó wà láàárín pírẹ́ṣọ̀ pléètì, ìyẹn àwo tó ń tẹ àwo kílọ́ọ̀ṣì mọ́ fíláwíìlì. Ti ẹ̀yìn kò lo òrùka yẹn, orí páìpù kékeré kan tó yọ lára gíábọ́ọ̀sì ló ti ń rìn. Gíábọ́ọ̀sì ló ń sọ irú èyí tí ẹ máa lò, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Pírẹ́ṣọ̀ pléètì tó bá ẹ́ńjìnnì àlòkù wá lè lẹ́wà bí tuntun kó má sì jẹ́ ti ọkọ̀ yín.

Kí ẹ́ńjìnnì àlòkù tó gòkè, orí ilẹ̀ ni kó ti sọ tẹnu rẹ̀. Nọ́mbà rẹ̀ wà lábẹ́ ìdúró dáínámò. Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́mbà yẹn ń sọ irú ẹni tó jẹ́: D jẹ́ 1200, F jẹ́ 1300, H jẹ́ 1500, AD jẹ́ 1600. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nọ́mbà yìí wà nínú ìwé ọkọ̀, nítorí náà ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì lọ tún ìwé tiyín ṣe. Èyí tí wọ́n bá ti ha nọ́mbà rẹ̀ kúrò, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di púlì ńlá ìsàlẹ̀ mú ṣinṣin, kí ẹ tì í wọlé, kí ẹ fà á jáde. Bí ẹ bá gbọ́ "kọ̀, kọ̀", tí ojú yín sì rí i pé ó ń lọ ó ń bọ̀, ẹ dúró ná. 0.07 sí 0.13 mílímítà ló yẹ kí kíráńkì máa rìn. Tó bá ti kọjá 0.15, ó ti jẹ jù. Ojú lásán kò gbọdọ̀ rí i. Nígbà mìíràn, ṣíìmù mẹ́ta, àwọn òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn fíláwíìlì, ló fẹ́ àtúntò, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bérìn ti lu àpótí ẹ́ńjìnnì gan-an títí ihò rẹ̀ fi fẹ̀. Magnesium ni wọ́n fi ṣe àpótí náà. Ó fúyẹ́, ó sì rọ̀. Tó bá ti fẹ̀, àfi kí wọ́n gbẹ́ ihò náà tóbi sí i, kí wọ́n fi bérìn tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Iṣẹ́ ńlá ni, kì í ṣe ohun tí a ń rí lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti wọ ọkọ̀.

Ẹ tún so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì àlòkù kan lórí ilẹ̀, kí sítátà lè ríbi dúró. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ ṣí kàbúrétọ̀ sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ wọn kọ̀mpíréṣọ̀n sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bó ṣe ń fún atẹ́gùn inú rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ́ńjìnnì 1600 tó ṣì lágbára máa ń mú nǹkan bíi bar 7 sí 9 wá (bar ni òṣùwọ̀n ìfúnpá). Bí wọ́n ṣe súnmọ́ ara wọn tó ṣe pàtàkì lójú mi ju bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lọ. Mẹ́rin tó jẹ́ 7 sàn ju mẹ́ta tó jẹ́ 9 àti ọ̀kan tó jẹ́ 5.

Ọ̀kan tó sábà ń relẹ̀ yẹn ni sìlíńdà kẹta, ó sì nídìí. Inú àpótí tíìnì tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn gbà ni wọ́n gbé kúlà ọ́ìlì sí, ní ọ̀kánkán sìlíńdà kẹta gẹ́lẹ́. Atẹ́gùn tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní tútù ti kọ́kọ́ gba ara ọ́ìlì gbígbóná kọjá. Ìgbà tó di 1971 ni wọ́n gbé kúlà náà jáde sínú ilé kékeré tirẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì ìgbà ìṣáájú, fáàfù èéfín ti sìlíńdà kẹta ló máa ń jìyà jù. Orí rẹ̀ lè já bọ́ sínú sìlíńdà kó sì fọ́ písítìnì. Ìdí nìyí tí n kì í gbé ẹ́ńjìnnì àlòkù sínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni láì ṣí orí sìlíńdà ẹ̀gbẹ́ yẹn. Àárín ihò pílọ́ọ̀gì àti ìjókòó fáàfù ni mo máa ń wò, torí ibẹ̀ ni ó sábà máa ń là.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan tó máa ń dùn mí níbí. Ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní ó ti kú, kò kú. Ríìǹgì rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ògiri sìlíńdà nítorí pé kò yí fún ọdún pípẹ́. Ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan láti ihò pílọ́ọ̀gì, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá fi sípánà yí púlì jẹ́jẹ́, síwá sẹ́yìn. Ẹ má fi sítátà fipá yí i. Mo ti rí i tó yí. Bí kò bá sì yí náà, ẹ fi ọ́ìlì pa á lára, kí ẹ dì í, kí ẹ gbé e pamọ́. Ẹ́ńjìnnì tí nọ́mbà rẹ̀ bá ìwé ọkọ̀ mu ni ìtàn ọkọ̀ náà, ẹni tó bá gbé e fún alájẹkù irin kò ní rí irú rẹ̀ rà mọ́.

Ká padà sórí àlòkù. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ní jàǹbá kì í sábà bá gbogbo aṣọ rẹ̀ wá. Àwọn páálí tíìnì tó yí i ká, àti rọ́bà gígùn tó dí etí ihò ilé ẹ́ńjìnnì, ni èèyàn máa ń sọnù torí wọ́n dà bí ohun tí kò níṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń pààlà sáàárín atẹ́gùn tútù tó wà lókè àti ooru tó ń já bọ́ nísàlẹ̀. Bí àlàfo bá wà, ooru á gòkè, fáànù á tún fà á mu, ẹ́ńjìnnì á wá máa mí èémí gbígbóná ara rẹ̀ títí yóò fi takú. Ọkùnrin kan gbé Ìjàpá bàbá rẹ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ kejì tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tó dára sí i níbòmíràn. Ẹ́ńjìnnì náà ti gan, kò yí mọ́. Kò sí rọ́bà, kò sí tíìnì ẹ̀gbẹ́, ohun tó sì pa á kò ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin náà dúró tì í bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ wá tíìnì wọ̀nyí kí ẹ tó wá ohunkóhun mìíràn. Fàn-bẹ́ẹ̀tì náà ló ń yí fáànù; bí ó bá já, iná pupa dáínámò á tàn. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kẹ́ ẹ kàn dé iwájú díẹ̀.

Iná ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Okùn rọ́bà tó ń gbé bẹntiróò wà lókè ẹ́ńjìnnì gbígbóná, páìpù kékeré tó wọ ara kàbúrétọ̀ sì kàn jẹ́ títẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ó bá ti ń mì, ó lè yọ, kí bẹntiróò máa da sórí ìdí wáyà pílọ́ọ̀gì tó ń tapara. Ẹ pààrọ̀ gbogbo okùn bẹntiróò pátá, láti táńkì iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ fi kílíìpù dì í. Ẹ má gbé fílítà bẹntiróò kọ́ sókè ẹ́ńjìnnì. Ìsàlẹ̀, lẹ́bàá gíábọ́ọ̀sì, ni àyè rẹ̀. Ẹ rántí pé magnesium ni àpótí ẹ́ńjìnnì: bó bá ti gbiná, omi kì í pa á, ńṣe ló máa ń mú un le sí i. Kí ohun èlò panápaná wà lọ́wọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ tanná sí i.

Ti ara ọkọ̀, mo máa sọ ọ́ ní kúkúrú, torí pánẹ́ẹ̀lì bíítà ló ni ín. Ẹ gbé àga ẹ̀yìn, kí ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ bátìrì. Ásíìdì máa ń jẹ ẹ́. Ẹ fi irin kan àwọn ọ̀pá oníhò abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, àwọn ló gbé ọkọ̀ ró, bí ìpẹtà bá sì ti jẹ wọ́n, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó wọn pọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bírékì kò gba àríyànjiyàn: ọkọ̀ tó ti sùn pẹ́, omi ti wọ inú epo bírékì rẹ̀, sìlíńdà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lẹ̀, okùn rọ́bà rẹ̀ ti wú nínú bó tilẹ̀ dára lójú. Ẹ yí gbogbo wọn padà. Ẹ́ńjìnnì 1200 àtijọ́ ní agbára ẹṣin 34; 1600 onímú méjì, ìyẹn èyí tí orí sìlíńdà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ihò méjì tí atẹ́gùn àti bẹntiróò ń gbà wọlé, ní 50. Bírékì tó tó dá ti tẹ́lẹ̀ dúró lè má tó ti ìsinsìnyí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tanná sí i, ẹ fi 0.15 mílímítà sí àlàfo fáàfù nígbà tó ṣì tutù. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, kí ẹ fi sítátà yí i títí iná ọ́ìlì á fi kú, kí ẹ tó dá wọn padà. 1-4-3-2 ni ètò wáyà pílọ́ọ̀gì, ìyẹn bí àwọn sìlíńdà ṣe ń tanná tẹ̀lé ara wọn. Lítà méjì àbọ̀ ọ́ìlì ló ń gbà, kò sì ní fílítà, àsẹ́ irin kan ló wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bíi 500 kìlómítà, ẹ da ọ́ìlì náà nù, kí ẹ tú àsẹ́ yẹn, kí ẹ gbé e sí ojú oòrùn. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán bíi wúrà tàbí fàdákà, bérìn ni, ẹ má wà á mọ́. Bí ó bá mọ́, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dá ìdérí rẹ̀ padà, kí ẹ sì rọra di nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: 7 Nm (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń di nọ́ọ̀tì) kò gbọdọ̀ jù ú lọ, torí inú magnesium rírọ̀ yẹn náà ni wọ́n ti wọlé.