Wọ́n ní májèlé ni, àṣé ooru ni

Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta ọdún, láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ajá rẹ̀ ṣàdédé kú: "Wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ." Wọ́n á ní olè ló fẹ́ wá jà wọ́n, ló ṣe kọ́kọ́ gba ẹ̀mí ajá. Tàbí kí wọ́n ní aládùúgbò tí kò fẹ́ ariwo ló ju ẹran olóró wọlé látorí fẹ́ǹsì. Òótọ́ ni pé àwọn èèyàn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo aago tí ajá náà kú, kí ẹ sì wo ibi tó kú sí. Aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán ni. Inú kéèjì ni. Páànù ló wà lórí kéèjì náà, wọ́n ti géètì rẹ̀ pa, abọ́ omi sì ti dojú dé. Olè wo ló ń múra iṣẹ́ lójú oòrùn gangan?

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ooru kì í pa ajá. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ á sì mú ẹ̀rí jáde: "Ẹ ò rí àwọn ekuke tó wà níta láàárọ̀ dalẹ́ ni? Ta ló ń fún wọn lómi? Ṣé wọ́n kú ni?" Wọn ò kú lóòótọ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bí oòrùn bá ti ń mú, á kúrò lójúde, á kó sábẹ́ mọ́tò. Bí oòrùn bá yí dé ibẹ̀, á bọ́ sínú gọ́tà. Tó bá yá, á gba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ń da omi ìfọṣọ sí, á fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ títí yóò fi kan erùpẹ̀ tútù, á wá tẹ́ ikùn lé e. Kò ní sáré, kò ní gbó, ó di ìrọ̀lẹ́. Ooru ò pa á nítorí pé ó ń sá fún ooru. Boerboel, ajá ńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́lé, tó wà nínú kéèjì ò rí ibi sá sí. Ibi tí a tì í mọ́ náà ni oòrùn ti ń bá a.

Bí ajá ṣe ń tu ara rẹ̀

Gbogbo ara ni èèyàn fi ń làágùn. Ajá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn, ìyẹn ò sì tó nǹkan. Ahọ́n àti ọ̀nà èémí ló fi ń lé ooru jáde: á máa mí hẹlẹhẹlẹ, atẹ́gùn á máa kọjá lórí itọ́ tó wà lórí ahọ́n, itọ́ á máa gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Nítorí náà, ajá tó na ahọ́n síta ò kàn ń sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, iṣẹ́ ló ń ṣe. Kí iṣẹ́ náà tó lè yọrí, omi gbọ́dọ̀ wà lára ajá, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i ò sì gbọdọ̀ kún fún ọ̀rinrin.

Ọ̀rinrin yìí gan-an ni tiwa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ajá á mí, ara á sì tù ú. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti lọ, tí òjò ń ṣú tí kò rọ̀, tí aṣọ tí a sá kò tètè gbẹ, itọ́ ajá náà kò ní tètè gbẹ lórí ahọ́n rẹ̀. Ooru 33°C tó lọ́rinrin a máa pọ́n ajá lójú ju 36°C tó gbẹ lọ.

Ara ajá tó dá ṣáṣá máa ń wà láàárín 38.3 sí 39.2°C. Ó gbóná ju tiwa lọ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí àtẹ́lẹwọ́ kò fi lè sọ òótọ́ fún yín. Tó bá ti dé 41°C, ọ̀ràn ti dé. Tó bá fi ń lọ sí 43°C, ìfun, kíndìnrín àti ọpọlọ ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ń tètè débẹ̀ ni ajá onímú kúkúrú bíi Lhasa, Bulldog, Pug àti Boxer. Imú Boerboel náà kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ajá tó sanra, èyí tó ti gbó àti ọmọ ajá náà wà lára wọn. Ti Caucasian, ajá ńlá onírun púpọ̀, àwọn kan á fá irun rẹ̀ kanlẹ̀ kí ara lè tù ú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: irun òkè yẹn ni ìbòòji rẹ̀. Irun múlọ́múlọ́ tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ máa fi kóòmù eléyín gígùn yọ, lójoojúmọ́ bó bá ṣeé ṣe.

Kí ló fi jọ májèlé?

Ajá tí ooru mú a máa bì. A máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, gìrì á sì gbé e. Ajá tó jẹ òtapíàpíà ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìdí nìyẹn tí àṣìmú fi rọrùn. Ẹ wo ojú àti itọ́ rẹ̀. Òtapíàpíà olómi tí wọ́n fi ń pa kòkòrò a máa sọ ọmọlójú ajá di bíńtín bí orí abẹ́rẹ́, omijé àti itọ́ á máa dà wàràwàrà, ẹran ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì máa tọ̀ sára. Itọ́ ajá tí ooru mú kì í ṣàn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ki, ó ń fà bí ilá. Èrìgì rẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n bí ata, kó tó wá ṣá bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ jù. Ó sì ti máa ń mí hẹlẹhẹlẹ fún ìgbà pípẹ́ kó tó ṣubú. Èémí yẹn gan-an ni kò sẹ́ni tó gbọ́, nítorí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n kọ́ kéèjì sí. Oògùn eku tó ń dá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú ara ní tirẹ̀ kì í pa ajá lọ́sàn-án ọjọ́ tó jẹ ẹ́. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí àmì rẹ̀ tó yọ.

Ẹ má sì fi tẹmómítà nìkan ṣe ẹlẹ́rìí o: gìrì tí májèlé fà náà a máa mú ara ajá gbóná.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìgò epo pupa, torí òun ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń sáré lọ gbé. Epo kì í lé òtapíàpíà kúrò nínú ajá. Irú oògùn kòkòrò bẹ́ẹ̀ a máa yọ́ sínú epo, epo sì lè tún bá a wọra. Abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ wà, atropine ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ dókítà ajá ló wà, kì í ṣe nínú kíṣìnnì. Ní ti ajá tí ooru mú, epo burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lè mí tó 200 sí 400 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá la irú ẹnu bẹ́ẹ̀, tó da epo sí i, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bu epo fún. Ajá tí ooru ò pa, epo lè pa á lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì tún ní májèlé náà le ni. Mílíìkì àti ẹyin tútù kò yàtọ̀. Ohunkóhun ni o, ẹ má rọ ọ́ sí ajá tó dákú lẹ́nu.

Omi ni, omi púpọ̀

Akátá la kọ́kọ́ ń lé lọ ká tó bá adìẹ wí. Ẹ má tíì gbé ajá sínú mọ́tò, ẹ má tíì wá ẹni tó ṣe é. Ẹ gbé e jáde kúrò nínú kéèjì, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ igi tàbí sí fàráńdà tí atẹ́gùn ń gbà, kí ẹ máa da omi sí i lára. Omi kànga dára, omi táǹkì dára, bí èyí tó ti inú ẹ̀rọ rọ́bà kọ́kọ́ jáde bá ti gbóná, ẹ jẹ́ kó ṣàn lọ ná. Ikùn, abẹ́ apá, ìtan láàárín àti ọrùn ni kí omi pọ̀ sí jù. Ẹ má jẹ́ kó wọ imú. Ẹnì kan á máa da omi, ẹnì kejì á máa fẹ́ ẹ, pátákó tàbí abẹ̀bẹ̀ tàbí fáànù, ohun tó bá wà. Garawa kan kò tó. Mẹ́wàá lè má tó fún Rottweiler.

Àwọn àgbà kan á ní omi tútù yóò "gba ọkàn" ajá tí ara rẹ̀ gbóná. Ooru ló ń pa á, omi kọ́. Ajá tí ó ṣì lágbára tí kò dàgbà púpọ̀, ẹ lè kì í sínú bésìn ńlá kí omi dé ọrùn rẹ̀, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú sókè. Èyí tó ti gbó tàbí tó dákú, dída omi àti fífẹ́ ni kí ẹ fi mọ. Ẹ má fi táwẹ̀lì tútù bò ó bí ẹni bo ẹ̀kọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ táwẹ̀lì náà ti gbóná, ooru ò sì ríbi jáde mọ́. Bó bá fẹ́ mu omi fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó mu.

Ẹ ra tẹmómítà onínọ́ńbà ní kẹ́míìsì, kí ó jẹ́ ti ajá nìkan. Ẹ fi fasilíìnì pa orí rẹ̀, ẹ ki í bọ ihò ìdí ajá ní nǹkan bí íǹṣì kan, ẹ dúró kó dún. Ẹ máa wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bó bá ti sọ̀ dé 39.5°C, ẹ dáwọ́ omi dúró, nítorí á ṣì máa tutù sí i fúnra rẹ̀.

Ìgbà náà lẹ tó gbé e lọ, kódà bó bá ti dìde tó ń ju ìrù. Ìbàjẹ́ kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ tí kò dì mọ́ lè fara pamọ́ fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta: ẹ ó rí ààmì pupa tóótòòtó lára èrìgì, ìgbẹ́ dúdú, ìtọ̀ tó pọ́n bíi tíì. Dókítà ajá tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Bí ọ̀ràn bá ju agbára rẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn ẹranko ti fásitì wà ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta, òmíràn sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Kéèjì tó ń gba ẹ̀mí

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni bíríkì yíká, páànù lórí, kó má ga ju èèyàn ìdajì lọ. Wọ́n á tún wá fi páànù bo géètì rẹ̀ kí ajá má baà rí ìta, torí wọ́n ní ajá tí kò bá rí èèyàn ló ń burú. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í burú, ẹ̀rù ló ń bà á. A máa gbó ewé, a máa gbó aláǹgbá, á sì máa yípo lójú kan. Ẹni tó fẹ́ olùṣọ́ kò gbọdọ̀ fi ojú ajá pamọ́ fún ohun tó ń ṣọ́.

Ẹ gbé òrùlé náà sókè tó ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí 8. Ẹ fi àlàfo bí ìka mẹ́wàá sílẹ̀ láàárín ògiri àti páànù kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè máa jáde. Imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ tò nípọn sórí páànù ṣe é ju fáànù lọ, kìkì kí ẹ má kọ́ kéèjì sítòsí ibi tí wọ́n ti ń sun ilẹ̀. Ògiri ìwọ̀-oòrùn ni kó dí pa, nítorí oòrùn aago mẹ́ta ibẹ̀ ló gbà. Ẹ lo bíríkì oníhò tàbí irin ní àríwá àti gúúsù, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí atẹ́gùn gba ọ̀dọ̀ ajá kọjá. Abẹ́ táǹkì omi dára fún un gan-an. Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ kò dára rárá.

Omi: kílò kọ̀ọ̀kan ara ajá ń fẹ́ 50 sí 60 mílílítà lóòjọ́. Ajá oníkílò 40, píọ̀ wọ́tà mẹ́rin sí márùn-ún nìyẹn, bí ooru bá sì mú, ó lè tó ìlọ́po méjì. Abọ́ alumíníọ̀mù tó wà lóòrùn a máa mú omi gbóná, ajá á sì fimú kàn án, á kúrò níbẹ̀. Ìkòkò amọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àmù, ni kí ẹ rì dé àárín sínú ilẹ̀: kò ní dà, omi rẹ̀ á sì tutù. Kí méjì wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀bà gbígbóná aago kan ọ̀sán, ẹ gbé e tì. Oúnjẹ tó ń dà nínú a máa mú ara gbóná, kí ajá jẹun kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ àti lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn

Nígbà Iléyá, tí Ojúde Ọba ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta rẹ̀ tí àlejò á kún ilé, tàbí nígbà tí gbogbo ìdílé fẹ́ lọ sí Èkó, àwọn èèyàn a máa kó ajá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà wọ́n sọ́dọ̀. Kí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ti dìgbòlugi àti ti pafó (parvo, àrùn tó ń mú kí ajá máa bì, kó sì máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀), ti pé ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Lójú ọ̀nà, búùtù mọ́tò kọ́ ni àyè rẹ̀. Bí ìta bá jẹ́ 30°C, inú mọ́tò tí wọ́n tì lè di 40 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 láàárín ìdajì wákàtí. Gíláàsì tí ẹ sọ̀ díẹ̀ kò yí i padà tó nǹkan. Ìdajì wákàtí sì rèé, gosíló kékeré ni ní Ìkòríta Ṣàgámù.

Bí ẹni tó ń gba ajá sọ́dọ̀ náà bá ń fi òtapíàpíà pa eégbọn inú kéèjì, ẹ bi í bóyá ó máa ń kó ajá jáde, tó ń fọ ilẹ̀, tó sì ń jẹ́ kó gbẹ. Ibẹ̀ ni májèlé tòótọ́ ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ má lọ wo kéèjì rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, gbogbo kéèjì ló dára láàárọ̀. Aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ lọ. Ẹ tẹ̀ kó sínú rẹ̀, ẹ lóṣòó kí orí yín bá orí ajá dọ́gba, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹni tó máa ń wà níbẹ̀ láti bu omi nírú àkókò yẹn. Bí wọ́n bá ní, "Ẹ̀gbọ́n á ti lọ sóko nígbà yẹn, àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́...", ẹ dá ajá yín padà sínú mọ́tò.