Fóònù tó o ti pa tó sì wà nínú àpò ṣòkòtò ẹ ṣì lè gba géèmù lọ́wọ́ ẹ

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kò sí tọ́námẹ́ǹtì chess tá a ṣe ní Adó tí ẹnìkan ò ní sọ pé "mo ti pa á jàre, kò lè dún." Pé èèyàn lè fi fóònù ṣe ojóró, ìyẹn ò lárìíyànjiyàn, látìgbà tí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Deep Blue ti na Kasparov, ọ̀gá nínú chess, lọ́dún 1997 ni gbogbo wa ti mọ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. "Kò lè dún" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Mo rò pé òfin àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò. Nígbà yẹn, FIDE, àjọ tó ń ṣòfin chess lágbàáyé, ní kó o ṣáà pa fóònù ẹ, tó bá dún, o ti lulẹ̀ nìyẹn. Ponomariov náà, ọ̀gá nínú chess, fóònù ẹ̀ dún níbi ìdíje ní Plovdiv, ní Bulgaria, lọ́dún 2003, wọ́n gba géèmù lọ́wọ́ ẹ̀, ìtàn yẹn ni gbogbo èèyàn sì mọ̀. Ṣùgbọ́n láti July 2014 ni òfin ti yí padà. Ọ̀rọ̀ pé ó dún àbí kò dún ti kúrò ńbẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí i lára ẹ, ó tán. Ì báà má ní bátìrì, ì báà má ní sím.

Mo rí ọmọkùnrin kan láti Ìkẹ́rẹ́, ó ti fi castle kan (ọmọ ayò tó lágbára) ju ẹni tí wọ́n jọ ń ta lọ, ló bá dìde pé òun fẹ́ lọ tọ̀, arbiter, ìyẹn adájọ́ ìdíje, rí nǹkan tó rí gbọọrọ lápò ẹ̀. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló yọ ọ́, ó ń fi ojú ẹ̀ tó dúdú han arbiter, "ẹ wò ó sà, mo ti pa á." Wọ́n dá aago dúró, wọ́n kọ òdo fún un. Mo gbà pé kò ṣe ojóró, àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Ṣùgbọ́n fóònù tó o pa níwájú bọ́ọ̀dù, ta ló máa mọ̀ tó o bá tàn án ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì? Àwọn ọ̀gá nínú chess méjì, Nigalidze ní Dubai lọ́dún 2015, Rausis ní Strasbourg lọ́dún 2019, tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n ti fi fóònù ṣe ojóró, ibẹ̀ ni ti àwọn méjèèjì ti bàjẹ́.

Ti báàgì yàtọ̀ o. Òfin ìdíje kan lè gbà kó o fi fóònù tó o ti pa sínú báàgì, níbi tí ẹ̀yin àti arbiter bá fẹnu kò sí, àmọ́ o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan báàgì yẹn láìgba àyè. Ìdíje míì sì lè ní ìjìyà tó fúyẹ́ ju pé kí wọ́n gba géèmù, torí náà mi ò lè búra pé bó ṣe máa rí níbi gbogbo nìyẹn. Ẹ má sì bá arbiter jà tó bá ní òun fẹ́ yẹ ara yín wò, òfin fún un láyè, níkọ̀kọ̀ ni, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin. Aago ọwọ́ tó ń gba mẹ́séèjì náà, ẹ bọ́ ọ sílé.

Èmi, ọmọ àbúrò mi tó máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níta ni mo máa ń gbé fóònù tèmi fún. Tó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan lo wọkọ̀ wá láti Ìkọ̀lé, lọ bá arbiter kí wọ́n tó tẹ aago, kó o bi í pé níbo ni kó o gbé e sí.