Ọ̀gágun tí sátífíkéètì kò sí nínú fáìlì rẹ̀: báwo la ṣe ń yẹ iṣẹ́ ológun olùdíje wò?

Ní Ìkòròdú, ṣọ́jà kì í ṣe àlejò. Bárékè Bàtálíọ̀nù 174 wà ní Ọdọ́guńyàn, ó sì ṣòro kí èèyàn rí àdúgbò tí kò ní bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ogun. Nígbà tí ẹnìkan wá sọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pé olùdíje tó bá ń fi iṣẹ́ ológun polongo ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ká rí ìwé rẹ̀, ariwo sọ. Wọ́n mọ̀ pé mo máa ń ka òfin ìdìbò, ni wọ́n bá da ìbéèrè bò mí. Mi ò ráyè dáhùn wọn tán lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè: Ṣé ó ṣeé ṣe kí èèyàn di ọ̀gágun, kí àwọn ológun má ní sátífíkéètì rẹ̀ lọ́wọ́?

Ó ṣeé ṣe, ojú wa ló sì ṣe. Nígbà tí Muhammadu Buhari ń múra ìdìbò ọdún 2015, kò fi sátífíkéètì girama mọ́ fọ́ọ̀mù tó fún àjọ INEC. Ìwé ìbúra ló fi síbẹ̀, pé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ológun ni gbogbo ìwé òun wà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2015, agbẹnusọ iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà náà, Olajide Laleye, bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Ó ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí Buhari di ọ́físà fi hàn pé ó yege ìdánwò girama ní 1961, tó gba kírédíìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, jọ́gíráfì, ìtàn, ẹ̀kọ́ ìlera àti Haúsá. Ṣùgbọ́n sátífíkéètì gan-an kò sí, ẹ̀dà rẹ̀ kò sí, èsì ìdánwò pàápàá kò sí. Lẹ́tà ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Katsina ni wọ́n bá nínú fáìlì, tó ní òun gbà pé ọmọ náà máa yege.

Gbólóhùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ Laleye tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ délẹ̀. Ó ní àṣà iṣẹ́ náà ni pé kí wọ́n wo ojúlówó sátífíkéètì kí wọ́n tó mú èèyàn, àmọ́ kò sí àkọsílẹ̀ tó fi hàn pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Fáìlì tí ìwé kò sí nínú rẹ̀ kò lè sọ fún wa bóyá ọmọ yege tàbí ó fìdí rẹmi. Kò sì sẹ́ni tó jiyàn pé Buhari ṣiṣẹ́ ogun.

Ìbéèrè: Báwo ló wá ṣe parí?

Lọ́jọ́ kejì, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbé èsì ìdánwò jáde. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2018, WAEC fún un ní ìwé ìjẹ́rìí. Nígbà tí Atiku Abubakar pe ẹjọ́ lẹ́yìn ìdìbò 2019, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Buhari kúnjú òṣùwọ̀n, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà sì da ẹjọ́ nù. Síbẹ̀, inú mi kò dùn sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ó yẹ kí wọ́n ti wá irú ìwé yẹn láti 2014. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jẹ́ kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò máa bára wọn jà lórí ìwé kan ṣoṣo.

Ìbéèrè: Kí ni òfin tiẹ̀ béèrè?

Kò béèrè iṣẹ́ ológun rárá. Abala 131 ìwé òfin Nàìjíríà ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ kàwé dé ìwọ̀n sátífíkéètì girama tàbí èyí tó bá a dọ́gba. Abala 318 wá la ọ̀nà míì: ẹni tó ní ìwé mẹ́fà, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí ti aládàáni fún ọdún mẹ́wàá, tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó tó ọdún kan, tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó lè kà á, tó lè kọ ọ́, òun náà lè kúnjú òṣùwọ̀n bí INEC bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n ń ṣe irú èyí ní Amẹ́ríkà?

Tiwọn le ju tiwa lọ. Ní 2024, Tim Walz ń díje fún igbákejì ààrẹ. Ọdún 24 ló lò nínú Army National Guard, ìyẹn ọmọ ogun àfikún wọn. J. D. Vance tó bá a du ipò náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti lọ sí Iraq rí, ní Walz sá fún ogun. Àkọsílẹ̀ sọ pé oṣù Karùn-ún 2005 ni Walz fẹ̀yìn tì, oṣù Keje ni àṣẹ ìmúrasílẹ̀ dé fún ikọ̀ rẹ̀, ọdún 2006 ni wọ́n sì tó lọ sí Iraq. Àmọ́ láti oṣù Kẹta 2005 ni wọ́n ti kéde pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n pe àwọn kan, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹ̀sùn náà kú. Ohun tó pa Walz lára jù ni ẹnu ara rẹ̀: ní 2018, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé ìbọn lójú ogun, bẹ́ẹ̀ kò dé ojú ìjà rí. Àwọn tó ń ṣe ìpolongo fún un ní ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni.

Amẹ́ríkà náà sì ń pàdánù fáìlì. Iná tó jó ilé ìpamọ́ ìwé wọn ní St. Louis ní 1973 run fáìlì ológun bíi mílíọ̀nù 16 sí 18.

Ìbéèrè: Bí olùdíje bá wá bá wa níbí pé òun jagun rí ńkọ́?

Ẹ ka fọ́ọ̀mù rẹ̀. Abala 29 Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí òfin tuntun rọ́pò ní 2026, pàṣẹ pé kí INEC lẹ ìwé olùdíje mọ́ ibi tó ti fẹ́ díje láàárín ọjọ́ 7 tó bá ti dé ọwọ́ wọn, ẹnikẹ́ni sì lè sanwó gba ẹ̀dà. Láyé òfin 2010, ẹnikẹ́ni ló lè pe ẹjọ́ bí irọ́ bá wà níbẹ̀. Òfin 2022 fi í mọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá a du ìdìbò abẹ́nú. Àdánù ni mo ka ìyẹn sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ọdún àti ibi. ECOMOG, ọmọ ogun àjùmọ̀ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, balẹ̀ sí Liberia ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1990. Ẹni tó bá ní òun bá wọn jà níbẹ̀ ní 1988 ti tú ara rẹ̀ fó.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ìwọ̀sí sí ẹni tó sin ilẹ̀ yìí?

Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì ní sájẹ́ǹtì ni mo bi. Bàbá dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé ìwé discharge wọn jáde nínú ọ̀rá méjì. Wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀, pé ọdún tí ṣọ́jà wọṣẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. “Torí owó ìfẹ̀yìntì tí kò tó nǹkan, mo ti fi èyí hàn wọ́n títí tí etí ẹ̀ fi ya,” ni bàbá wí. “Kí ni ti ẹni tó fẹ́ ṣe gómìnà?”