Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá tún kọ̀ǹpútà Linux tàn

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tókópì, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní secrétariat, oníbàárà kì í fẹ́ dúró pẹ́. Kọ̀ǹpútà á wá dákẹ́ lójijì lórí ìwé rẹ̀: kò gbọ́ clavier, kò gbọ́ souris. Ọwọ́ á yára lọ sí bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án, wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Kọ̀ǹpútà á sì dìde padà lóòótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí àṣà náà pẹ́. Àmọ́ lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991, tí kóòdù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà àti láti tún ṣe, ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ wà. Ubuntu, ọ̀kan lára ọmọ Linux, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Nígbà tí a bá tẹ Redémarrer, iná kọ́ ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń gé. systemd, tó jẹ́ olórí gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́, á ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n palẹ̀ mọ́. Èyí tó bá gbọ́, á parí ohun tó ń kọ, á sì jáde. Èyí tí kò bá gbọ́, systemd á dúró dè é fún ìṣẹ́jú-àáyá 90 kó tó fi tipátipá pa á. Ìgbà yìí gan-an ni ojú kọ̀ǹpútà lè dúdú, tí ìràwọ̀ pupa kéékèèké á máa lọ, tí á máa bọ̀, tí ènìyàn á sì rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì.

Ìdí tí sùúrù yẹn fi ṣe pàtàkì wà nínú mẹ́mórì (RAM), tí ohun inú rẹ̀ máa ń pòórá tí iná bá lọ. Kíkọ nǹkan sórí dísíìkì máa ń falẹ̀ ju kíkọ ọ́ sínú mẹ́mórì lọ. Nítorí náà, Linux lè kọ́kọ́ fi fáìlì sínú mẹ́mórì, kó sọ pé òun ti parí, kó tó wá rọra gbé e sórí dísíìkì. Fáìlì lè wà lójú ọ̀nà báyìí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Tí iná bá lọ láàárín ìgbà náà, ohun tí kò tíì débẹ̀ ti ṣòfò. Lórí clé USB ni èyí ti ń dunni jù: oníbàárà rí i pé kọ̀ǹpútà ní òun ti dà á kọ tán, ó fa clé rẹ̀ yọ, ó gun zém lọ sílé, ó débẹ̀ bá fáìlì tí kò ṣeé ṣí. Éjecter ni kí a kọ́kọ́ tẹ̀, kí a sì dúró títí kọ̀ǹpútà yóò fi ní ó ṣeé yọ.

Fún dísíìkì tirẹ̀, Ubuntu sábà máa ń lo ext4, ọ̀nà tó fi ń to fáìlì sórí dísíìkì, tó ní ìwé àkọsílẹ̀. Kó tó yí ètò àwọn fáìlì padà, á kọ́kọ́ kọ ohun tó fẹ́ ṣe síbẹ̀. Tí iná bá lọ, tó bá tún dìde, á ka ìwé náà, á sì parí iṣẹ́ tó dá dúró. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pa nípá lọ́pọ̀ ìgbà fi ṣì ń dìde. Ṣùgbọ́n ìtòjọ àwọn fáìlì ni ìwé yẹn ń ṣọ́. Ojú ìwé tí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lè má sí nínú rẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá mọ Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà òde wà níbẹ̀, ti inú wà, àgbàlá sì wà láàárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni Linux ṣe ń wọlé. GRUB wà ní ẹnu ọ̀nà òde, òun ló ń yan kernel, ọkàn ètò náà, tí yóò wọlé. Kernel á wọ àgbàlá tó ń jẹ́ initramfs, ibi kékeré inú mẹ́mórì tí irinṣẹ́ díẹ̀ wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wá dísíìkì, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ilẹ̀kùn inú tó ṣí. Tí ìpalára bá ju ohun tó lè tún ṣe fúnra rẹ̀ lọ, á dá ènìyàn dúró sí àgbàlá: ojú dúdú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ initramfs. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé gbogbo nǹkan ti parun, tí wọ́n á fẹ́ nu dísíìkì nù. Kí wọ́n má yára. Orúkọ apá dísíìkì tó ní ìṣòro, bíi /dev/sda2, sábà máa ń wà lójú ibẹ̀. Tí a bá tẹ fsck /dev/sda2, tí a gba àtúnṣe tó bá béèrè, tí a sì tẹ exit, ó sábà máa ń wọlé. Àfi tí dísíìkì bá ń dún kàkàkà: ìyẹn ń kú lọ, ẹ̀dà fáìlì ni kí a kọ́kọ́ wá bí a ṣe máa gbà.

Nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà bá dákẹ́ pátápátá, kernel ṣì lè máa gbọ́ràn. Kí a di Alt àti Impr écran mú pọ̀ (àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan á fẹ́ Fn pẹ̀lú), kí a tẹ S, lẹ́yìn náà U, lẹ́yìn náà B, kí a máa dúró díẹ̀ láàárín wọn. S ń kó ohun tó wà nínú mẹ́mórì lọ sórí dísíìkì. U ń ti dísíìkì, kí nǹkan kan má lè kọ sí i mọ́. B ń tún kọ̀ǹpútà tàn. Ibi kan náà ni lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí AZERTY wa àti lórí QWERTY tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, nítorí náà kò sí àṣìtẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí a bá mú àwọn ètò di tuntun ni a ní láti tún kọ̀ǹpútà tàn. Lẹ́yìn sudo apt update àti sudo apt upgrade, àwọn àṣẹ tí a ń tẹ̀ sínú Terminal láti mú àwọn ètò di tuntun, LibreOffice tuntun tí a fi ń tẹ ìwé kò béèrè ju kí a tì í kí a tún un ṣí. Kernel ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: tuntun ti wà lórí dísíìkì, àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́mórì. Ubuntu á fi fáìlì /var/run/reboot-required sílẹ̀ láti fi hàn. Tó bá wà níbẹ̀, kí a tún un tàn nírọ̀lẹ́, nígbà tí oníbàárà ti lọ. Tí kernel tuntun bá kọ̀ láti dìde, àtijọ́ ṣì wà nínú GRUB, lábẹ́ Options avancées. sudo apt autoremove ń kó àwọn tó ti pẹ́ jù dànù kí /boot, ibi tí kernel wà lórí dísíìkì, má bàa kún.

Eruku ọyẹ́ ń dí fáànù, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó fún un. Onduleur, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀, kò sí fún ṣíṣiṣẹ́ lọ nígbà tí iná bá ti lọ. Ó ń fúnni ní àyè láti tẹ Éteindre ni. Bátìrì CR2032 inú kọ̀ǹpútà àlòkù sì máa ń kú: aago á padà sí ọdún àtijọ́, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì á kọ̀ láti ṣí, apt náà á kọ̀, wọ́n á sì ní Linux ló bàjẹ́.

Tí kọ̀ǹpútà bá ti dìde lẹ́yìn tó dákẹ́, àṣẹ journalctl -b -1 -e nínú Terminal á fi ohun tó kọ sílẹ̀ kẹ́yìn hàn, kí a lè mọ̀ bóyá dísíìkì ló fà á, tàbí mẹ́mórì tó kún.