Ohun tó ń tàn lójú aago ṣọ́jà

Ẹni kẹta rèé láàárín oṣù méjì. Ó gbé aago wọlé nínú ọ̀rá, ó tú u sórí tábìlì iṣẹ́ mi, eruku pupa rúsúrúsú kan sì bá a dà sílẹ̀. Mo ní kí lèyí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dà àtijọ́ tó wà lára nọ́ńbà rẹ̀ ni. Mo ti bá yín họ ọ́ kúrò kí iṣẹ́ lè tètè yá." Ó bá mi họ ọ́ kúrò! Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ló fi họ ọ́, lórí tábìlì tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun. Fídíò kan ló kọ́ ọ.

Mo ní kó dìde, kó lọ fọwọ́ kí á tó sọ̀rọ̀. Ó lejú koko. Ó rò pé mo ń fi òun wọ́lẹ̀ ni.

Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ aago, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń jẹ ẹ́ báyìí, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ọmọ wa níhìn-ín ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó aago ológun jọ: dókítà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Aago ológun kì í pariwo lọ́wọ́ ẹni. N kò ní jókòó máa ṣàlàyé bí aago tí à ń wáìnì ṣe ń ṣiṣẹ́; ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kó bi bàbá rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ bàbá àgbà. Kò sí bí aago tí wọ́n fín W.W.W. sí lẹ́yìn ṣe máa wọ ṣọ́ọ̀bù mi tí n kò ní gbọ́ pé bàbá àgbà ẹnì kan ló fi ja ogun Bọ́mà. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn, aago ọwọ́ tí omi kì í wọ̀ ló túmọ̀ sí. Ilé iṣẹ́ méjìlá ló ṣe é fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì: Buren, Cyma, Eterna, Grana, IWC, Jaeger-LeCoultre, Lemania, Longines, Omega, Record, Timor àti Vertex. Ojú rẹ̀ dúdú, ọwọ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ tó ń ka sẹ́kọ́ńdì lọ́tọ̀, àmì ọfà kan tó rí bí ẹsẹ̀ adìẹ sì wà lára rẹ̀ tó ń sọ fún olè pé ẹrù ìjọba ni. Ṣùgbọ́n ọdún 1945 ni aago wọ̀nyí ń dé ọwọ́ ìjọba. Àwọn bàbá wa tó wà ní Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà láti ìbẹ̀rẹ̀ 1944, Japan sì ti túúbá ní oṣù kẹjọ 1945. Ìgbà wo ni aago náà fẹ́ bá wọn nínú igbó yẹn? Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún bàbá àgbà ní aago (wọn kì í fún gbogbo ṣọ́jà), ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aago ọwọ́ tó ṣáájú W.W.W., èyí tí wọ́n fín A.T.P. sí, tàbí aago àpò tí wọ́n fín G.S.T.P. sí. Tí mo bá wá tẹ oníbàárà mi nínú díẹ̀, á jẹ́wọ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti rà á, ẹni tó tà á ló ní ti ṣọ́jà Bọ́mà ni. Bàbá àgbà kàn wọ inú ìtàn náà lójú ọ̀nà ni.

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọjà yìí ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́, n kò bá ẹ̀dà jà. Ẹ̀dà jẹ́wọ́ pé ẹ̀dà lòun. Laco àti Stowa wà lára ilé iṣẹ́ márùn-ún tó ṣe aago gbàǹgbà fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Jámánì nígbà ogun Hitler, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 55 tí wọ́n ń so mọ́ orí apá ẹ̀wù. Títí dòní, àwọn méjèèjì ṣì ń ṣe irú rẹ̀ tó kéré sí i fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀dà olóbátìrì pọ́ọ́kú tó ń bá ìwé ìròyìn wá ńkọ́? Ẹ rà á. Irin rẹ̀ fúyẹ́, omi á wọ̀ ọ́, bátìrì á kú, ẹ ó fi òmíràn sí i. Kò ní pa yín lára. Ẹnì kan kó irú rẹ̀ méjìdínlógún wá fún mi kí n yí bátìrì wọn, ojú ń tì í. Mo ní kí ló ń tì ọ́ lójú? Nínú gbogbo ohun tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ yẹn, tìẹ nìkan ni kò parọ́.

Ayédèrú ni mo bá ń jà. Wọ́n á mú aago ará ìlú tó ti gbó, wọ́n á kun ojú rẹ̀ ní dúdú, wọ́n á fi ẹ̀rọ fín ẹsẹ̀ adìẹ sí i lẹ́yìn. Tí ara aago bá ti ha tó ti bó, tí lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ sì mú bí abẹ, ẹ dá a padà. Ẹlòmíràn á tún fi okùn ọ̀rá aláwọ̀ eérú sí i, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní okùn NATO, á ní ohun tó bá a wá láti ojú ogun nìyẹn. Ọdún 1973 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò okùn yẹn jáde.

Àwọn kan sì wà tó gbọ́n jù. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ Cyma ojúlówó sílẹ̀ ní ọjà gbàǹjo nítorí pé ó rí lẹ́tà T nínú òbírí lójú rẹ̀, ó ní ojú náà kì í ṣe ojú àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, kì í ṣe òun. Àwọn ológun fúnra wọn ló yọ ojú àkọ́kọ́ kúrò lára ọ̀pọ̀ W.W.W. lẹ́yìn ogun, tí wọ́n fi olójú T rọ́pò rẹ̀. T yẹn, trítíọ̀mù ni, èròjà mìíràn tó ń mú ọ̀dà tàn lókùnkùn. Ohun tó wà lójú àkọ́kọ́ ni wọn ò fẹ́ mọ́, òun náà sì ni oníbàárà mi tú sórí tábìlì mi.

Rédíọ̀mù ni. Ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn lójú aago ogun Hitler, rédíọ̀mù ni wọ́n pò mọ́ zinc sulphide. Rédíọ̀mù ń ju ìtànṣán, agbára kan tí ojú kò lè rí, zinc sulphide ń gbà á, òun ló sì ń tàn. Gbogbo ẹni tó gbé irú aago bẹ́ẹ̀ wá ló máa ń sọ fún mi pé, "Kò tàn mọ́, agbára rẹ̀ ti tán." Irọ́ ni! Òwú àtùpà ló jó tán, epo ṣì kún inú rẹ̀. Zinc sulphide ló gbó. Ní ti rédíọ̀mù, ó gba 1,600 ọdún kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìlàjì. Èyí tí wọ́n kùn ní 1945, ohun tó ti dín lára rẹ̀ kò tíì tó 4 nínú 100. Tí ọmọ ọmọ ọmọ yín bá jogún rẹ̀, yóò jogún ìtànṣán mọ́ ọn.

Tí aago bá wà ní pípadé, tí gíláàsì rẹ̀ kò fọ́, ìtànṣán tó burú jù nínú rẹ̀ kò lè gba ara gíláàsì jáde, kódà kò lè gba awọ ara wa wọlé. Ìgbà tí eruku rẹ̀ bá gba ẹnu tàbí imú wọlé ni wàhálà dé. Egungun á rò pé kálísíọ̀mù ni, á gbà á sára, á sì dì í mú. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kun ojú aago ní ìlú Orange ní New Jersey, láti 1917 lọ, ètè ni wọ́n fi ń pọ́n ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kó lè mú. Àwọn ọ̀gá wọn ní kò léwu. Eyín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í já, egungun àgbọ̀n wọn ń jẹrà, ọ̀pọ̀ wọn kú. Ọdún 1928 ni márùn-ún lára wọn tó gba owó gbà-má-bínú, Grace Fryer ló ṣáájú wọn lọ ilé ẹjọ́.

Rédíọ̀mù tún ń bí gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní rédọ́ọ̀nù, tó ń yọ́ jáde lára aago. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Northampton àti Kingston yẹ aago àtijọ́ 30 wò, tó ní rédíọ̀mù lójú. Nínú yàrá kékeré tí afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀, gáàsì náà ga tó ìlọ́po 134 ìwọ̀n tí wọ́n gbà pé kò léwu ní Brítéènì. Ẹnikẹ́ni ò họ ọ̀kankan nínú wọn o. Wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni. Mo mọ bùrọ̀dá kan tó kó mọ́kànlá sínú dúrọ́ọ̀ tó wà níbi ìgbèrí rẹ̀, tí kì í ṣí fèrèsé nítorí òtútù. Mo sọ fún un títí, ó ní Ọlọ́run ń ṣọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo fẹ́ bọ́ sí yẹn. Arábìnrin kan gbé aago bàbá rẹ̀ lọ bá wòlíì nítorí pé ó rí i tó ń tàn lóru. Wòlíì ní ẹ̀mí òkú ológun ló wà nínú rẹ̀, ó da òróró sí i lórí, ó gbàdúrà. Òróró gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé, ó dì mọ́ gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ bí gọ́ọ̀mù. Aago náà dúró, wòlíì sì ní ẹ̀mí ti jáde! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi fọ òróró yẹn kúrò. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń tàn? Super-LumiNova ni, ọ̀dà òde òní tí kò ní ìtànṣán kankan, tí ẹnì kan ti tún kùn sí i. Tí ẹ bá rí aago ogun Hitler tó ń tàn yanran títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹni tó tún un kùn ni kí ẹ wá, ẹ má wá wòlíì. Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Olówó Amẹ́ríkà kan, Eben Byers, ra omi rédíọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Radithor, ó ń mu ún bí àgbo nítorí pé wọ́n ní ó ń fún ara lókun. Àgbọ̀n rẹ̀ jẹrà kó tó kú ní 1932.

Ẹni tó bá fẹ́ ojúlówó tí yóò máa wọ̀ jáde, kó wá Smiths W10 tí wọ́n ṣe ní Cheltenham láàárín 1967 sí 1970. Trítíọ̀mù ni tiẹ̀, ìyẹn sì ń dín sí ìlàjì láàárín ọdún 12 ó lé díẹ̀, nítorí náà díẹ̀ bíńtín ló kù lójú rẹ̀ báyìí. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo lè tú u kí n tún un tò lójú oorun.

Èmi náà kì í ṣe ọlọ́gbọ́n látilẹ̀. Ní Dùgbẹ̀, tí eruku bá wà lójú aago, ẹnu ni ọ̀gá mi fi ń fẹ́ ẹ dànù, ẹnu lèmi náà ń fi fẹ́ ẹ. Aago ṣọ́jà pọ̀ lọ́wọ́ wa nígbà yẹn. Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, òyìnbó àgbàlagbà kan tó gbà mí síṣẹ́ rí i tí mo fẹ́ ẹnu sí Timor kan. Kò sọ̀rọ̀. Ó lọ mú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìtànṣán, ó gbé e sórí tábìlì mi, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò. Ó gbé e súnmọ́ ọwọ́ ẹ̀wù mi, ariwo kò dá. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í ṣí aago rédíọ̀mù láìsí ìbọ̀wọ́, láìsí ìbòmú, láìjẹ́ pé mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ síta. Ọ̀gá mi ti kú. N kò mọ ohun tó pa á, n kò sì fẹ́ béèrè.

Mo di aago ọ̀rẹ́ wa yẹn sínú ọ̀rá méjì. Mo fi aṣọ tútù nu tábìlì mi, mo di aṣọ náà pọ̀. Mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ nílé, kó fi omi nu ún, kó má gbá a rárá. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun ti fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ fa eruku náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó òun sì ti fi ẹ̀rọ kan náà gbá yàrá àwọn ọmọ. Ẹnu mi wúwo. Mo ṣì ń wá ohun tí mo máa sọ nígbà tó tún ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ṣe é tán, ṣé á ṣì máa tàn?"